Owó wúrà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Ẹni tí kò mọ iye tó ṣẹ́kù, kó má náwó sí i

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ta owó wúrà kan ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dọ́là 5 péré ni ìjọba orílẹ̀-èdè náà pe owó ọ̀hún nígbà tí wọ́n rọ ọ́ lọ́dún 1822, kò sì wúwo tó gíráàmù 9. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbàǹjo ọjọ́ náà fi máa parí, 8.4 mílíọ̀nù dọ́là ni ẹni tó rà á san.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé lọ́dún kan náà yẹn, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta owó àtijọ́ ní Amẹ́ríkà lè ra owó wúrà dọ́là 20 tí wọ́n rọ láàárín ọdún 1890 sí 1899, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, kó sì san owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ. Ìjọba kan náà ló rọ méjèèjì, wúrà ni méjèèjì, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sì ti jáde. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń dù, tí wọ́n sì ń gbé èkejì lé ìwọ̀n bíi ṣéènì ọrùn?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni gbogbo òwò owó àtijọ́ dá lé lórí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ohun tó ń rà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló kó síbẹ̀, àbámọ̀ ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Iná ló jẹ èyí tó pọ̀ jù

Ọdún 1792 ni òfin tó dá ilé ìrọwó ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia jáde, owó wúrà àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀ lọ́dún 1795. Eagle, tó túmọ̀ sí ẹyẹ idì, ni wọ́n sọ owó dọ́là 10. Ti dọ́là 5 wá ń jẹ́ Half Eagle, ìyẹn ààbọ̀ idì, ti dọ́là 2.50 sì ń jẹ́ Quarter Eagle, ìyẹn ìdá mẹ́rin rẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1849 fọwọ́ sí owó dọ́là 20, Double Eagle ni wọ́n pe ìyẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin 1792 yìí ti ní àléébù kan. Ohun tó sọ ni pé wúrà ìwọ̀n kan ṣe déédéé fàdákà ìwọ̀n 15. Ṣùgbọ́n nínú ọjà ilẹ̀ Yúróòpù, fàdákà tó ju ìwọ̀n 15 lọ ni wọ́n fi ń gba wúrà ìwọ̀n kan. Oníṣòwò kì í sì í rí èrè kó gbójú kúrò. Wọ́n ń kó owó wúrà Amẹ́ríkà lọ sí òkè òkun, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n sì ń jèrè lórí rẹ̀. Bí ilé ìrọwó ṣe ń rọ ọ́ jáde ní Philadelphia ni iná ń gbà á lókè òkun.

Ó di ọdún 1834 kí ìjọba tó dín wúrà inú owó náà kù, tí ojúlówó wúrà inú Half Eagle fi já wálẹ̀ láti bíi gíráàmù 8 sí gíráàmù 7.5. Kàkà kí èyí gba àwọn ti tẹ́lẹ̀ là, ńṣe ló tún kó bá wọn, torí pé gbogbo ẹni tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́ ló mọ̀ pé wúrà inú rẹ̀ ti ju dọ́là 5 lọ. Iná náà ni wọ́n tún kó wọn sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti ọdún 1822 nìyẹn. Nínú ìwé ilé ìrọwó, 17,796 Half Eagle ni wọ́n rọ lọ́dún náà. Mẹ́ta péré ni aráyé mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Méjì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, níbi tí wọn kì í ti í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta nìkan ló kù tí gbogbo olówó ayé lè máa dù. Ìdí tí wọ́n fi san 8.4 mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn, kì í ṣe nítorí wúrà inú rẹ̀ rárá.

Lẹ́tà kékeré, owó gọbọi

Yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n rọ owó, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ tún ṣe pàtàkì. Kí wọ́n tó rí wúrà ní California ni wọ́n ti ń wà á ní ìpínlẹ̀ North Carolina àti Georgia. Nítorí náà, lọ́dún 1838, ilé ìrọwó kéékèèké mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní apá gúúsù Amẹ́ríkà: ọ̀kan ní Charlotte, tó ń fi lẹ́tà C sára owó rẹ̀, ọ̀kan ní Dahlonega, tó ń lo D, ọ̀kan ní New Orleans, tó ń lo O. Owó wúrà nìkan ni Charlotte àti Dahlonega ń rọ. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861 ló ti ilẹ̀kùn àwọn méjèèjì, wọn kò sì rọ owó níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Owó dọ́là 1 tó ní lẹ́tà D lára, tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 1861, jáde lẹ́yìn tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà gba Dahlonega. Kò sí àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n rọ, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn olùkójọ owó àtijọ́ máa wá a lójú méjèèjì.

Lẹ́yìn tí James Marshall rí wúrà ní California ní oṣù kìíní ọdún 1848, ilé ìrọwó San Francisco ṣí lọ́dún 1854 pẹ̀lú lẹ́tà S. Carson City ní ìpínlẹ̀ Nevada tẹ̀ lé e lọ́dún 1870 pẹ̀lú CC. Double Eagle tí Carson City rọ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn kò ju 3,789 lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùkójọ kò ka lẹ́tà wọ̀nyí sí. Ẹni tó bá ti ní owó ọdún kan láti Philadelphia gbà pé òun ti ní ti ọdún náà nìyẹn. Ọdún 1893 ni Augustus Heaton tẹ ìwé kan jáde lórí owó àwọn ilé ìrọwó ẹ̀ka, tó fi yé àwọn ènìyàn pé ó yẹ kí wọ́n máa wo lẹ́tà ara owó. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ó ti tó ọdún 32 tí Charlotte àti Dahlonega ti kógbá sílé. Owó wọn ti kárí ọjà, ọwọ́ ti pa á, àpò ti ha á. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti rí èyí tó ṣì ń dán nínú wọn títí dòní.

Ìtàn kan fi hàn bí ìmọ̀ ti ṣe pàtàkì tó nínú òwò yìí. Half Eagle 268 péré ni San Francisco rọ lọ́dún 1854. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ mọ̀. Ọ̀kan wà ní Smithsonian, ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkójọ, àwọn adigunjalè sì kó ẹ̀kẹta lọ nílé ìdílé du Pont ní ìpínlẹ̀ Florida lọ́dún 1967, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ títí di ọdún 2018 tí ẹ̀kẹrin yọjú. Àwọn tí ẹni tó ni ẹ̀kẹrin yìí kọ́kọ́ fi hàn sọ fún un pé ayédèrú ni. Kò jáwọ́, ó gbé e lọ sílé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ojúlówó ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, 2.16 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n tà á. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún.

Àṣẹ ọdún 1933

Ìgbà mìíràn tí iná tún jẹ owó wúrà ni lẹ́yìn oṣù kẹrin ọdún 1933. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, àwọn báńkì sì ń kógbá sílé. Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí aráàlú kó wúrà ọwọ́ wọn wá sí báńkì, kí wọ́n sì gba owó bébà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàìgbọràn lè san ìtanràn 10,000 dọ́là, ó sì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Dọ́là 20.67 ni áúnsì wúrà kan nígbà náà. Lẹ́yìn tí ìjọba ti kó o jọ, wọ́n sọ iye rẹ̀ di 35 dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 1934. Wọ́n yọ́ owó náà pọ̀, púpọ̀ nínú wúrà rẹ̀ sì lọ sí Fort Knox ní ìpínlẹ̀ Kentucky.

Ṣùgbọ́n àṣẹ náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tọ́jú owó wúrà tó tó 100 dọ́là, wọn kò sì fọwọ́ kan owó tí àwọn olùkójọ kà sí ọ̀wọ́n. Louis Eliasberg, òṣìṣẹ́ báńkì àgbà kan ní ìlú Baltimore, wà lára àwọn tó lo àǹfààní yìí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950, ó ti ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo owó ìjọba Amẹ́ríkà tí àwọn olùkójọ mọ̀ nígbà náà, tó fi mọ́ Half Eagle ọdún 1822 yẹn.

Àwọn owó tó ti gba òkè òkun lọ ṣáájú náà bọ́ lọ́wọ́ iná ọdún 1933. Àwọn báńkì ilẹ̀ Yúróòpù ti gba Double Eagle rẹpẹtẹ nínú káràkátà, inú àpò ni wọ́n dì wọ́n sí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà sí Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Double Eagle San Francisco tí wọ́n rọ lápá ìparí ọ̀rúndún náà fi wọ́pọ̀ lọ́jà. Òkè òkun tó pa owó ọdún 1822 náà ló gba tiwọn là.

Ohun tó sọnù lè padà wá

Ohun tó ṣọ̀wọ́n lónìí lè pọ̀ lọ́la. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1857, ìjì líle mú kí ọkọ̀ ojú omi SS Central America rì sínú òkun Àtìláńtíìkì, níbi tó ti ń kó wúrà California lọ sí New York. Ènìyàn tó lé ní 400 ló bá a lọ, àdánù wúrà náà sì dá kún ìpayà tó bá àwọn báńkì Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Ọdún 1988 ni wọ́n tó rí àwókù ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun, níbi tó jìn ju kìlómítà 2 lọ. Lára ohun tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ ni Double Eagle San Francisco ti ọdún 1857 tó ju 5,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ wọ́n.

Ṣáájú ìgbà náà, èyí tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú owó ọdún yìí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé ọjà, ẹni tó bá lówó lè rí ọ̀kan rà nígbàkigbà. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò pọ̀ wá rí i pé ohun tí òun sanwó fún gan-an ti bá omi lọ.

Orí ilẹ̀ náà ń bí tirẹ̀. Lọ́dún 2013, tọkọtaya kan ní California ń rìn lórí ilẹ̀ wọn pẹ̀lú ajá wọn nígbà tí wọ́n rí agolo tó ti dípẹtà tó yọrí síta. Agolo mẹ́jọ ni wọ́n hú jáde, owó wúrà 1,427 ló sì wà nínú wọn, tí wọ́n rọ láàárín ọdún 1847 sí 1894. Àpapọ̀ iye tí ìjọba kọ sára owó náà jẹ́ 27,980 dọ́là, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 10 mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dá lé e.

Nọ́ńbà orí ike

Owó méjì tí ọdún àti lẹ́tà wọn jẹ́ ọ̀kan náà tún lè yàtọ̀ síra gidigidi lọ́jà, nítorí bí ara wọn ṣe rí. Láti 1 dé 70 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìlànà tí William Sheldon gbé kalẹ̀ lọ́dún 1949 fún owó bàbà, kí wọ́n tó mú un lò fún owó yòókù. Owó tí wọn kò tíì ná rí ni wọ́n ń fún ní 60 sókè. Ilé iṣẹ́ PCGS tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986 àti NGC tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1987 ló gbajúmọ̀ jù lórí iṣẹ́ yìí. Wọ́n á yẹ owó wò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì sé e mọ́ inú ike líle. Fún owó tó ṣọ̀wọ́n, nọ́ńbà kan péré tó bá fi ga sí i lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wá.

Ìdí nìyí tí fífọ owó àtijọ́ fi jẹ́ àṣìṣe ńlá. Ẹni tó jogún owó wúrà, tó wá fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kó lè dán, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ owó dànù. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa rí ìlà tínńtínní tí kànrìnkàn fà sára rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sórí ike pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ yìí tún máa ń gbé iye owó tí wọ́n ti yẹ̀ wò jáde. Ó wúlò, àmọ́ kò yẹ kí ènìyàn gbé gbogbo ara lé e. Ẹni tó ni owó lè tú u kúrò nínú ike, kó tún gbé e padà lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá nọ́ńbà rẹ̀ á gòkè. Owó kan ṣoṣo á wá di mẹ́ta nínú ìwé.

Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Òun náà ló ń mú kí àwọn àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà kó owó ìfẹ̀yìntì wọn fún àwọn tó ń polówó wúrà lórí tẹlifíṣàn àti fóònù. Wọ́n á rán oníbàárà létí àṣẹ ọdún 1933, wọ́n á ní ìjọba tún lè gba wúrà lọ́jọ́ kan, pé owó àtijọ́ nìkan ni wọn kò ní fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta Double Eagle tó wọ́pọ̀ fún un bí ẹni ta ọ̀wọ́n. Wọn kò ní sọ fún un pé láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1974 ni òfin ti dá ẹ̀tọ́ láti ní wúrà padà fún aráàlú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Double Eagle wúwo ní gíráàmù 33.4, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ wúrà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó káráàtì 22. Wúrà inú rẹ̀ jẹ́ áúnsì 0.9675. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, áúnsì wúrà kan kọjá 4,000 dọ́là. Bí wúrà bá wà ní 4,000 dọ́là, ti inú Double Eagle kan jẹ́ 3,870 dọ́là. Bí oníṣòwò bá wá ní 6,000 dọ́là lòun máa ta èyí tó wọ́pọ̀, ó yẹ kí oníbàárà béèrè ohun tí 2,130 dọ́là tó lé yẹn wà fún. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé owó náà ti pẹ́ tàbí pé ó rẹwà, kó dìde kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ayédèrú náà tún ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ lẹ́tà C tàbí D mọ́ owó Philadelphia tí kò ní lẹ́tà. Àwọn mìíràn ń rọ odindi owó, wọ́n á sì ṣe ayédèrú ike mọ́ ọn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí ike ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ín, kí ènìyàn sì fi ohun tó bá níbẹ̀ wé owó tó wà lọ́wọ́.

Ṣé èrè wà níbẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ta owó wúrà Eliasberg ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, 687,500 dọ́là ni Half Eagle ọdún 1822 lọ. 8.4 mílíọ̀nù tí wọ́n tà á ní 2021 lé ní ìlọ́po 12. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ọdún 38 ló gbà. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lọ́dọọdún, ìbísí náà kò tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó dọ́là 3 tí San Francisco rọ lọ́dún 1870 náà lọ ní 687,500 dọ́là lọ́jà 1982 yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, 5.52 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n tà á. Ìlọ́po 8 nìyẹn, èyí tó jẹ́ bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà lápapọ̀ láàárín àkókò náà jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, ara àwọn owó tó lókìkí jù lọ nìyẹn o. Nínú 8.4 mílíọ̀nù dọ́là ọdún 2021 yẹn, 1.4 mílíọ̀nù jẹ́ owó tí ilé gbàǹjo fi lé orí rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà náà lè gba owó orí tó tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún èrè orí irú nǹkan báyìí, kódà bí ènìyàn bá tọ́jú rẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá ra èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ̀wọ́n owó wá ńkọ́? Ó di ìgbà tí wúrà bá gbówó lórí dáadáa kí ó tó lè rí ojú owó rẹ̀.

Èyí kò ní kí òwò náà burú. Ẹni tó bá ní Half Eagle Dahlonega lọ́wọ́ ní ohun tí iná 1933 kò rí jẹ, tí kò sì sí ẹni tó tún lè rọ irú rẹ̀ mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọjà méjì ló wà nínú owó kan: wúrà lọ́tọ̀, ọ̀wọ́n lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúrà, kó rà á ní iye wúrà. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀wọ́n, kó kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n rọ, iye tó ṣẹ́kù, àti bí ara èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún un ṣe rí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkójọ Amẹ́ríkà fi ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nímọ̀ràn: kó ra ìwé kó tó ra owó.